Laptop tó ń dákú lọ́dọ̀ oníbàárà, tí ara ẹ̀ máa ń yá tó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù

Màmá kan ló gbé laptop yìí wá, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Agbowó, òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ Agbowó á mọ̀ pé tí àsìkò project bá ti dé, àwọn tó ń tàìpù níbẹ̀ kì í fojú kan oorun, torí náà nígbà tí màmá wọlé lọ́sàn-án Mọ́ńdè, ojú wọn ti pọ́n kankan. "Ọmọ mi, gbà mí o, ẹ̀rọ yìí fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́ lójú àwọn ọmọ ọlọ́mọ." Mo ní kí wọ́n jókòó ná, mo bi wọ́n pé ṣé ó máa ń kú fúnra ẹ̀ ni.

"Kì í kú. Ó máa ń dákú ni. Iná á ṣì wà lójú ẹ̀, iṣẹ́ tí mò ń ṣe á ṣì wà níbẹ̀ tí mò ń wò ó, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ tèmi mọ́."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí ẹ mọ̀ pé oníbàárà mẹ́wàá lè sọ pé laptop àwọn ń háǹgì kó jẹ́ pé ohun mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe wọ́n, ti ẹlòmíì Chrome ló ṣí ogójì táàbù sílẹ̀, ti ẹlòmíì háàdì dísìkì ló ti ń kú lọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó ti màmá pé kí wọ́n ṣàlàyé fún mi yékéyéké. Wọ́n ní mọ́òsì á dúró gbagidi. Aago igun ìsàlẹ̀ náà á dúró, tó bá jẹ́ aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méje ló dákú, mẹ́ta kọjá méje ló máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tó bá jẹ́ pé orin ń kọ lọ́wọ́, ohùn á há síbì kan, á máa ṣe drrrrrr bí ẹ̀rọ ìlọta tí ata ti tán nínú ẹ̀. Mo ní tí ẹ bá tẹ Caps Lock ńkọ́, ṣé iná kékeré ara ẹ̀ máa ń tàn? Wọn ò mọ̀, wọn ò wò ó rí, mo ní kí wọ́n máa wò ó tó bá tún ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè yẹn kéré lójú ṣùgbọ́n ó wúlò gan-an, torí tí iná Caps Lock bá ṣì ń tàn tó ń kú, Windows ṣì wà láàyè, program kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí ò bá dáhùn rárá, ìṣòro ti kúrò ní ti program, ó ti wọ inú agbárí, ìyẹn inú Windows gan-an tàbí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ.

Laptop ọ̀hún, tòkunbọ̀ ni, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí) 8GB, SSD (àká fáìlì ẹ̀), Windows 10. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti èyí tó ṣe káàdì wáífáì inú ẹ̀, mi ò ní dárúkọ wọn, torí mo ti rí irú ẹ̀ lára oríṣi mìíràn náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan.

Ibi tọ́wọ́ mi kọ́kọ́ lọ ni RAM. Ẹ má bínú, ibi tọ́wọ́ gbogbo wa máa ń lọ nìyẹn. Mo tú u, mo fi írésà nu ojú RAM, mo dá a padà, mo ta Memtest86, irinṣẹ́ tó ń yẹ RAM wò, sí i lálẹ́, ilẹ̀ mọ́ ó ti yípo mẹ́rin láìrí àṣìṣe kan ṣoṣo. CrystalDiskInfo, tó ń yẹ SSD wò, ní ara ẹ̀ dá ṣáṣá. Mo ro ooru, mo fẹ́ eruku inú fáànù dànù, mo pààrọ̀ páàsìtì orí prọ́sẹ́sọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ju bó ṣe yẹ lọ. Mo wo Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀, mo rí Kernel-Power 41 tó tò bẹẹrẹ bíi màálù lójú títì. Àwa technician fẹ́ràn 41 yẹn púpọ̀, tá a bá ti rí i a ó ní "hẹn, páwà ni, ṣájà ẹ̀ ò dáa", bẹ́ẹ̀ ohun tí 41 ń sọ ò ju pé kọ̀ǹpútà yìí tún tàn láìjẹ́ pé wọ́n pa á dáadáa lọ. Màmá tó tẹ bọ́tìnnì páwà mọ́lẹ̀ torí pé ó dákú ló fa 41, kì í ṣe 41 ló fa dídákú. Nínú Details ẹ̀ ẹ ó rí BugcheckCode, tó bá jẹ́ 0 bíi ti màmá yìí, á jẹ́ pé Windows ò tiẹ̀ ráyè gbé blú síkírínì jáde kó tó lọ, kò sì sí dump kankan, ìyẹn fáìlì tó ń sọ ohun tó pa á, tẹ́ ẹ lè kà.

Nígbà tí mi ò rí nǹkan kan, mo ṣe ohun tí à ń ṣe tí ọgbọ́n bá ti tán, mo fọ́ọ̀màtì ẹ̀. Windows tuntun, mo fi wáyà LAN ṣọ́ọ̀bù fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì, mo jẹ́ kó ṣe gbogbo àpúdéètì ẹ̀ tán, dráífà gbogbo, àwọn program tó ń jẹ́ kí Windows bá ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, wọlé. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé fíìmù sí i láti orí fíláàṣì, ó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọjọ́ méjì, kò tiẹ̀ wúkọ́ rárá. Mo pe màmá, wọ́n wá gbé e, wọ́n sanwó, wọ́n ṣàdúrà fún mi.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ yẹn ni fóònù mi dún. "Ó ti tún dákú o. Mo sì wo Caps Lock yẹn bó o ṣe ní kí n wò ó, kò tàn."

Wọ́n gbé e padà wá, ó lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, kò dákú lẹ́ẹ̀kan. Ó padà lọ sí Agbowó, ó dákú lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ kan. Mo ti ń ro ó nínú ọkàn mi pé bóyá nǹkan kan wà tí màmá ń ṣe sí i tí wọn ò fẹ́ sọ, ọmọ iṣẹ́ mi ní "ọ̀gá, bóyá àwọn ará ilé wọn ni", a rẹ́rìn-ín sí i. Àṣìṣe tí mo ṣe níbẹ̀ yẹn ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí. Tí ẹ̀rọ bá ń ṣàìsàn níbì kan tí ara ẹ̀ ń yá níbòmíì, ẹ̀rọ kan náà ni, ibi tó wà ló yàtọ̀, kí wá ló yàtọ̀ níbẹ̀? Ó yẹ kí n ti béèrè ìyẹn lọ́jọ́ kìíní. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí n tó gbéra lọ sí Agbowó fúnra mi.

Mo dé bẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Iná wà, màmá ń tàìpù, èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń wo ojú laptop bí ológbò tó ń ṣọ́ ihò eku. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá, kò sí nǹkan. Màmá ti ń tijú, "ó fẹ́ sọ mí di òpùrọ́ ni, torí pé ó rí ẹ ni". Bí wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni NẸPA mú iná lọ, fáànù ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ ìta kígbe, ọmọkùnrin tó máa ń bá wọn tan jẹnẹrétọ̀ ní epo ti tán, ó gbé kẹ́ẹ̀gì ó jáde. Laptop ń lọ lórí bátìrì. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré lẹ́yìn ẹ̀, mọ́òsì dúró. Mo na ọwọ́ tẹ Caps Lock, kò dáhùn.

Inú mi dùn débi pé màmá wò mí bákan.

Ibi tí mo fojú sí, ọ̀nà ò tún gba ibẹ̀. Bátìrì ni mo pariwo, mo ní bátìrì ti bàjẹ́, tí ṣájà bá ti kúrò iná ò kàn án dáadáa mọ́ ló ṣe ń dákú. Ó dùn létí, àbí? Màmá ti fẹ́ mú owó bátìrì tuntun jáde nínú ìró wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ní kí n kọ́kọ́ gbé e dé ṣọ́ọ̀bù kí n fà á sórí bátìrì wò, mo yọ ṣájà, mo gbé fíìmù sí i, ó lo wákàtí méjì lé díẹ̀ títí bátìrì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò dákú. Kì í ṣe bátìrì. Ká ní mo gba owó yẹn ńkọ́?

Ẹ wá jẹ́ ká jókòó síbí yìí díẹ̀, torí ibí ni ọ̀rọ̀ ti yí. Mo mú bébà, mo kọ ohun tó wà ní Agbowó tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mi. Agbowó: iná ń lọ ó ń bọ̀, mífáì ni wọ́n fi ń ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣọ́ọ̀bù mi: ínfátà wà, ṣájà kì í kúrò lára ẹ̀, wáyà LAN ni mò ń fún un. Láti ọjọ́ tí laptop yìí ti ń wá sọ́dọ̀ mi, kò tíì fi wáífáì ẹ̀ kan nǹkan kan rí! Mo ti ń ṣàyẹ̀wò gbogbo ara aláìsàn, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún gan-an ni mi ò jẹ́ kó fi rìn.

Mo tan hotspot fóònù mi, mo kan wáífáì laptop mọ́ ọn, ṣájà wà lára ẹ̀, YouTube ń lọ. Wákàtí kan, kò ṣe nǹkan. Mo yọ ṣájà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó dákú. Mo tún un ṣe, mẹ́rin. Mo tún un ṣe, ogún ó lé. Mo wá pa wáífáì, mo fi okùn USB so fóònù yẹn mọ́ laptop, dátà kan náà, YouTube kan náà, orí bátìrì kan náà, ó lọ títí bátìrì fi pa á. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò okùn yìí ju gbogbo ẹ̀ lọ, torí ó yọ fáírọ́ọ̀sì kúrò nínú ẹjọ́, ó yọ Chrome kúrò, ó yọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò, ó ku káàdì wáífáì àti dráífà ẹ̀ nìkan tí wọ́n ń wojú ara wọn.

Mo gbé LatencyMon, irinṣẹ́ tó ń wo dráífà tó ń pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́, sí i lórí bátìrì. Kó tó dákú, ndis.sys, apá Windows tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti fáìlì dráífà wáífáì ló ń ga jù níbẹ̀, nọ́ńbà wọn ń fò sókè. Lẹ́yìn náà ni oríire dé, nínú bí ìgbà mọ́kànlá tí mo mú un dákú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbé blú síkírínì jáde, DPC_WATCHDOG_VIOLATION, 0x133. BlueScreenView, irinṣẹ́ tó ń ka dump, ní ntoskrnl.exe ló jẹ̀bi. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ yẹn o, ntoskrnl ni Windows fúnra ẹ̀, bíi pé wọ́n bá òkú nínú ilé kan kí wọ́n lọ mú baálé torí pé òun ló nilé. Mo ṣí dump yẹn nínú WinDbg, mo tẹ !analyze -v, mo wo àwọn tó tò sórí stack, ìyẹn àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó kú, dráífà wáífáì ló jókòó síbẹ̀ gbọnin.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí, bó ṣe yé mi sí. Káàdì wáífáì inú laptop, orí ọ̀nà PCI Express ló wà, ọ̀nà tó ń gbà bá prọ́sẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀. Kí bátìrì lè pẹ́, ètò kan wà tó ń jẹ́ ASPM, tí ohunkóhun ò bá gba ọ̀nà yẹn kọjá, ọ̀nà á sùn, tí iṣẹ́ bá dé wọ́n á jí i. Nínú Balanced power plan, nígbà tí ṣájà bá wà lára laptop, Link State Power Management, ibi tí èèyàn ti ń yí ASPM yìí, máa ń wà ní Moderate power savings, tí ṣájà bá ti kúrò ó di Maximum. Wáífáì náà ní tiẹ̀, lórí iná Maximum Performance ló wà, lórí bátìrì ó di Medium Power Saving. Ìyẹn ni pé káàdì kan náà ní ayé méjì, ayé tí iná wà níbẹ̀, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn, àti ayé bátìrì tó jẹ́ pé oorun ló kù.

Dráífà ni agbọ̀rọ̀sọ láàárín káàdì àti Windows. Tí káàdì bá ní ọ̀rọ̀, Windows á dá iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dúró, á ní kí dráífà sáré lọ gbọ́ kó sáré padà. Sísáré yẹn ní òdiwọ̀n o, ohun tí Microsoft kọ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe dráífà ni pé irú iṣẹ́ yẹn, DPC ni wọ́n ń pè é, kò yẹ kó ju 100 microsecond lọ. Dráífà tiwa yìí á débẹ̀ á bá ọ̀nà lójú oorun, á máa pè é, ẹni tó ń pè ò dáhùn, òun náà ò sì padà. Ipò tó wà nígbà yẹn sì ga ju ti gbogbo program lọ, Word ò lè ní kó yẹra, mọ́òsì ò lè ní kó yẹra, ohunkóhun tó bá nílò nǹkan tó dì mọ́wọ́ á tò sẹ́yìn ẹ̀ bíi mọ́tò tó tò sẹ́yìn tírélà tó ṣubú sójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Windows ní ajá ìṣọ́ kan tó yẹ kó gbó tí DPC bá pẹ́ jù, òun ló gbé 0x133 yẹn jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé CPU fúnra ẹ̀ ló ń dúró de èsì lórí ọ̀nà PCI Express, ajá náà ò ní ráyè gbó.

Ó wá ku bá a ṣe máa tún un ṣe. Mo kọ́kọ́ lọ sínú Device Manager, mo yọ àmì kúrò níbi "Allow the computer to turn off this device to save power". Ìyẹn ni gbogbo ayé máa ń sọ fún èèyàn, mi ò ní sọ pé kò wúlò, ṣùgbọ́n pípa káàdì tí ò ríṣẹ́ ṣe ló ń dá dúró, kò kan oorun ọ̀nà PCI Express, laptop ṣì dákú. Mo wá gbé Link State sí Off fún bátìrì, dídákú dúró, ọ̀sán gbogbo. Ìyẹn jẹ́rìí sí ohun tí mò ń rò, ṣùgbọ́n bátìrì ń tán kíá, níbi tí NẸPA ti ń ṣe bó ṣe wù ú mi ò lè fi ìyẹn sílẹ̀ fún màmá pé mo ti parí iṣẹ́.

Mo ní kí n dá dráífà padà sí ti tẹ́lẹ̀. Roll Back Driver ò ṣe é tẹ̀, ó ti funfun. Ta ló fà á? Èmi ni. Nígbà tí mo fọ́ọ̀màtì, mo fọwọ́ ara mi pa ipa ẹsẹ̀ olè rẹ́, Windows tuntun ò mọ dráífà mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí àpúdéètì gbé wá fún un. Mo lọ sí ojúewé ìrànlọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe laptop, mo fi nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì ẹ̀ wá a, mo rí dráífà wáífáì tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún un, déètì ẹ̀ ti pẹ́ ju tinú ẹ̀ lọ dáadáa. Mo yọ tuntun, mo fi àtijọ́ sí i, mo dá Link State padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo yọ ṣájà. Ọjọ́ méjì lórí wáífáì àti bátìrì, mò ń gba iná sí i mò ń yọ ọ́, kò dákú. Màmá wá gbé e. Mo dá owó fọ́ọ̀màtì padà fún wọn, wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án, fóònù dún.

Mi ò tiẹ̀ ní irọ́ pa, àyà mi já. Mo sọ fún wọn kí wọ́n ṣí Device Manager, mo ń tọ́ wọn lórí fóònù, "ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Network adapters sí, ma, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ síbi Driver, kí lẹ rí níbi Driver Date?" Wọ́n ka déètì fún mi. Déètì ti tuntun tí mo yọ dànù ni. Windows Update ló ti wá a lọ sílé, ó rí i pé dráífà tí èyí ń lò ti gbó, ó ní kóun bá wọn tún un ṣe. Kò sí ẹni tó ṣe àìdáa, olóore ni gbogbo wọn.

Lọ́tẹ̀ yìí mo ṣe é dé gbòǹgbò. Mo ṣí Command Prompt bíi Administrator, mo tẹ pnputil /enum-drivers, mo rí orúkọ oem tí dráífà tuntun yẹn ń jẹ́, mo fi pnputil /delete-driver yọ ọ́ kúrò nínú àká Windows pátápátá, torí tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ nínú Device Manager láìfi àmì sí ibi tí wọ́n ní kí ẹ pa fáìlì ẹ̀ rẹ́, á kàn fara pamọ́ ni. Mo tún fi ti àtijọ́ sí i. Lẹ́yìn náà mo lo wushowhide.diagcab, irinṣẹ́ kékeré Microsoft, mo fi ṣe hide fún àpúdéètì kan ṣoṣo yẹn. Ọ̀nà mìíràn wà, ExcludeWUDriversInQualityUpdate nínú registry, ibi tí Windows ń kó ètò ẹ̀ sí, èèyàn á fi 1 sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní jẹ́ kí dráífà kankan gba Windows Update wọlé mọ́, ti printer, ti audio, gbogbo ẹ̀. Pípa eṣinṣin pẹ̀lú òòlù ni mo ka ìyẹn sí, mi ò ṣe é. Mo sọ fún màmá pé tó bá tún yọ wọ́n lẹ́nu, ó ku ká pààrọ̀ káàdì, kò wọ́n, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń rà, torí mo ti rí ẹni tó ra káàdì wáífáì Intel AX201 sínú laptop tó ní prọ́sẹ́sọ̀ AMD tó wá ń bú ẹni tó tà á fún un. AX201, inú prọ́sẹ́sọ̀ tàbí chipset Intel ni apá kan iṣẹ́ ẹ̀ wà, AX200 ló yẹ kó rà.

Ohun tó yí padà ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn èyí, mo ra mífáì tí kò níṣẹ́ mìíràn ju ká fi dán laptop wò. Laptop tí wọ́n bá ní ó ń háǹgì, a ó lò ó lórí iná, a ó lò ó lórí bátìrì, lórí wáífáì, lórí okùn, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan síkúrù. Ọmọ iṣẹ́ mi ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ bi oníbàárà léèrè pé níbo ló ti ń ṣẹlẹ̀, ṣé iná wà, kí lẹ fi ń ṣe íntánẹ́ẹ̀tì, á kọ ìdáhùn mọ́ bébà tá a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn laptop. Tó bá sì kan fọ́ọ̀màtì, a máa ń kọ vásọ̀n dráífà wáífáì àti déètì ẹ̀ sílẹ̀ kó tó di pé a pa Windows àtijọ́ rẹ́, ìṣẹ́jú méjì ni, ká ní mo ṣe é fún màmá ni, mi ò bá ti mọ̀ bóyá laptop yìí ti ń dákú kí dráífà tuntun tó dé tàbí lẹ́yìn tó dé. Mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá. Màmá pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wo orúkọ wọn lójú fóònù, ẹnu mi gbẹ. Printer ló ń jẹ bébà.